Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí Ìpolówó Mú

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, Bọ́lárìnwá mú fọ́ọ̀mù ẹyọ kan dání, ó wọ agboolé kan ní Ìjẹmọ̀, ó sì bá Alhaja Kùdírátù aláró nídìí ìkòkò aró rẹ̀. Ọdún keje rèé tí arákùnrin yìí ti ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé nípa bí ìpolówó orí rédíò àti ti orí fóònù ṣe ń yí ọmọ èèyàn lọ́kàn padà. Ẹni tó bá sì ti fi ọdún méje ka ìwà ejò, a ò ní retí pé kí ejò tún bù ú jẹ. Ohun tí òun náà gbà gbọ́ nìyẹn.

"Àrẹdú o, Alhaja. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Aṣọ lo fẹ́ rà?"

"Rárá, mà. Ìbéèrè ni mo bá wá."

"Ìbéèrè ò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ dúró. Gbé ìwé rẹ sórí àpótí yẹn, kó o di etí aṣọ yìí mú, ká jọ fún un."

Alhaja wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, Bọ́lárìnwá ò wọ nǹkan kan. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, aró ti dé e lọ́rùn ọwọ́. Ó kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di dúdú.

Bí wọ́n ti jọ ń fún aṣọ ló ń ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́fà lòun ti bi léèrè káàkiri Abẹ́òkúta, láti Láfẹ́nwá títí dé Kútọ̀, bóyá ìpolówó ti mú wọn ra ohun tí wọn ò ní lọ́kàn rí. Gbogbo wọn ló ní rárá. Télọ̀ kan ní kì í ṣe òun, ìyàwó òun ló máa ń ṣe. Ìyàwó ní kì í ṣe òun, ìyá ọkọ òun ni. Ìyá ọkọ ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, àfi bóyá àwọn ará Èkó. Ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bojú tó iṣẹ́ rẹ̀ bá bọ́ awò ojú, ó ní gẹ́gẹ́ bí ìwé Bọ́lárìnwá ṣe wí, kò sẹ́ni tí ìpolówó mú rí ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ta ló wá ń ra àwọn ọjà tí wọ́n ń kígbe lórí rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ó ní kó wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Bí kò bá rí i, kó lọ mú orí ọ̀rọ̀ mìíràn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Àánú, sì ti sọ tirẹ̀: ọjọ́ tó bá tún bẹ̀rẹ̀, kó yáa gbé yunifásítì níyàwó.

"Ẹ̀yin lẹ kù, mà," ni Bọ́lárìnwá wí. "Ǹjẹ́ ìpolówó ti mú yín ra ohun tí ẹ ò ní lọ́kàn rí?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o. Fàòsíyà ló máa ń ṣe."

"Ta ni Fàòsíyà, mà?"

"Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, iyàrá kejì lọ́hùn-ún. Rédíò ní ìkòkò kan wà tí ẹ̀wà kì í jóná nínú ẹ̀, ó sáré lọ rà á. Ẹ̀wà jóná, ìkòkò náà jóná."

"Ṣé mo lè bi òun gan-an?"

"Á ní èmi ni mo rán òun."

Inú Bọ́lárìnwá bàjẹ́. Ó wo rédíò tó ń kọrin lórí fèrèsé, ó wo ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá náà, ó ní ìpolówó ìbọ̀wọ́ yẹn wà nínú ìwé òun, ojú ewé igba ó lé méjìlá. Alhaja ní ọmọ òun ló rà á wá láti Ṣàgámù. Bí ìpolówó bá mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọmọ náà ló mú. Ó ní kó fa aṣọ dáadáa, ó ti ń dẹ̀ ẹ́.

"Mú fọ́ọ̀mù yẹn wá ná," ni Alhaja wí nígbà tí wọ́n sá aṣọ tán. "Kí ló wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń sá fún un?"

Bọ́lárìnwá na ọwọ́ sí i, Alhaja gbá a lọ́wọ́ padà nítorí aró. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́, ó mú ìwé, ó gbé e jìnnà sójú bí àwọn àgbà ti í ṣe.

"Orúkọ. Ọjọ́ orí. Iṣẹ́ ọwọ́. Agboolé." Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Agboolé ta ni?"

"Agboolé ẹni tó ń dáhùn ni, mà."

"Ta ló ní kó o kọ ọ́ síbẹ̀?"

Àyà Bọ́lárìnwá gbòòrò. Ó ní òun lòun ronú kàn án. Fọ́ọ̀mù àwọn òyìnbó ò ní irú ẹ̀, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n òun ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé a ò lè mọ èèyàn láìmọ agboolé rẹ̀. Ó ní òun ti ka apá ibẹ̀ fún àwọn onímọ̀ níbi ìpàdé kan n'Ìbàdàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun.

"Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn, ṣé wọ́n kọ agboolé tiwọn sí i?"

"Wọn ò kọ ọ́, mà."

"O rí i. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí tí wọn ò tíì lọ ilé ọkọ. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ wọn á kọ́kọ́ ṣèwádìí. Ìwọ náà ń ṣèwádìí. Bó bá jẹ́ pé ìwé tìrẹ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tí wọ́n kà á pé agboolé wa ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́n owó lápò èèyàn, ta ló máa fẹ́ àwọn ọmọ yẹn? Ìwọ?"

Bọ́lárìnwá wá ibi jókòó, kò rí, ó jókòó sétí àgbá omi. Ọdún méje. Èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́fà. Òun tó ń kọ́ àwọn ọmọléèwé pé ọ̀nà tí a gbà béèrè ọ̀rọ̀ ló ń bí ìdáhùn. Ojú tì í débi pé ó gbé ọwọ́ bojú, aró sì kùn ún níwájú orí. Ó bẹ Alhaja tọkàntọkàn, ó ní kó ṣàánú òun, kó sáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á kọ agboolé mìíràn.

"Mo ti dé Mẹ́kà, mi ò lè purọ́ nítorí ìwé," ni Alhaja dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ò ń wá ò jìnnà. Kí ló ń ta sánsán lórí rẹ yẹn?"

"Ìpara ni, mà. Irun-Ń-Bọ̀ ni wọ́n ń pè é."

"Ta ló júwe ẹ̀ fún ọ?"

"Rédíò ni. Ṣùgbọ́n nítorí ìwádìí ni mo ṣe rà á."

"Agolo mélòó lo ti fi ṣèwádìí?"

Bọ́lárìnwá wo ilẹ̀. "Mẹ́sàn-án."

"Irun ọ̀hún, ibo ló bọ̀ dé?"

"Wọ́n ní ó máa ń tó oṣù mélòó kan."

"Àwọn wo?"

"Rédíò náà ni, mà."

Alhaja ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló tún dun Bọ́lárìnwá jù. Ó rọra yí i po, ó ń wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ tí aró ò mú dọ́gba.

"Ẹ̀gbà bàbà ọwọ́ rẹ yìí ńkọ́?"

"Orí fóònù ni mo ti rí ìyẹn. Ó máa ń jẹ́ kí èèyàn rántí nǹkan."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Bọ́lárìnwá wo ẹ̀gbà náà, ó wo ojú ọ̀run, ó ní kí Alhaja jẹ́ kóun kọ́kọ́ rántí ná.

"Bàtà ńkọ́?"

"Alhaja, ẹ fi bàtà sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Jẹ́ ká kọ ọ́." Ó mú bíírò lórí àpótí. "Ìwọ ni ẹni ọgọ́fà."

Bọ́lárìnwá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kì í rí bẹ́ẹ̀, pé òfin wà nínú iṣẹ́ ìwádìí, pé oníwádìí kì í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè.

"Ṣé o bi ara rẹ ni?" ni Alhaja wí. "Èmi ni mo ń bi ọ́."

Ọ̀mọ̀wé ọ̀la wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti dúdú, ó wo fọ́ọ̀mù tó kù ẹyọ kan ṣoṣo, ó ronú kan ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ronú kan Àánú.

"Ǹjẹ́ ìpolówó ti mú ọ ra ohun tí o ò ní lọ́kàn rí?" Alhaja ń kà á geere, ohùn rẹ̀ dá ṣáká ju ti Bọ́lárìnwá lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sọ ọ́ sókè. Mò ń kọ̀wé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú mi. Ó ń mú mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo bá ń kọ̀wé nípa wọn lóru, màá dá a dúró kí n lè ra nǹkan tí mò ń kọ nípa ẹ̀."

Bó ti sọ ọ́ tán, ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀rín sì pa á. Láti ọdún méje, 'bẹ́ẹ̀ ni' àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ rèé, ẹnu òun gan-an ló ti jáde. Ọ̀la ò bà á lẹ́rù mọ́. Ó ń rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀wù oyè, ó ń rí Àánú tó ń ya fọ́tò.

"Orúkọ?"

"Bọ́lárìnwá."

"Ọjọ́ orí?"

"Méjìdínlógójì."

"Agboolé?"

Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀ ní Odeda. Ó rántí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń du oyè baálẹ̀, tí ẹnu àwọn ará ìlú ti ń kùn tẹ́lẹ̀. Ó rántí ọmọ àǹtí rẹ̀ tí àwọn ará ọkọ ń bọ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ Alhaja, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ kọ tàwọn àna mi síbẹ̀, mà."

Alhaja kọ ọ́ láìgbójú sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, ó sì tì í bọ inú àpò Bọ́lárìnwá.

"O ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi? Ìpolówó ò mú ìwọ náà rí. Àwọn àna rẹ ló ń mú."