Kabúrétọ̀ Kan Péré Ni Alága Wá Tọrọ

Àárọ̀ ọjọ́ ìkórè ni, ní Òkìtìpupa, lẹ́yìn ilé Lucy tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Gbémi, níbi tó ti máa ń se ọṣẹ dúdú. Philemon Àjíṣafẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, alága Ẹgbẹ́ Onífẹ́sípà nínú ìjọ, ń ti alùpùpù Fẹ́sípà rẹ̀ wọlé bọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn. Òógùn ti sọ agbádá náà di aṣọ ìwẹ̀.

ÌYÁ GBÉMI: Alága, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ gùn ún wá ni, àbí òun ló gùn yín?

ALÁGA: Mo tì í ni, Ìyá Gbémi. Láti ilé mi títí dé ibí. Àwọn tí mo kọ́ ní ìwé ń kí mi lójú ọ̀nà pé, “Tíṣà, ẹ kú eré ìdárayá!” Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun. Kí ni ǹ bá tún sọ?

ÌYÁ GBÉMI: Màmá Joy ò bá yín tì í?

ALÁGA: Helen? Ó ti gun ọ̀kadà lọ sí ìjọ. Ó ní tí òun bá gbọ́ pé ọkọ òun ń bọ̀ lórí Fẹ́sípà, òun á yọjú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ìjókòó òun ni òun máa wà títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

ÌYÁ GBÉMI: Kí ló wá ṣe ọkọ̀?

ALÁGA: Kò sí nǹkan tó ṣe é! Ó pé pérépéré. Kabúrétọ̀ nìkan ni kò ní.

ÌYÁ GBÉMI: Kí ni ìyẹn máa ń ṣe?

ALÁGA: Òun ló ń po bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì.

ÌYÁ GBÉMI: Á à. Kò lè jẹun, kò sì lè mí. Kò sí nǹkan tó ṣe é lóòótọ́.

Alága ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó mú aṣọ kan jáde, ó sì tú u. Irin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tó ti lu káàkiri bíi búrẹ́dì tí eku rí jẹ.

ÌYÁ GBÉMI: Yéè! Kí ló jẹ ẹ́ báyìí?

ALÁGA: Èmi ni. Ẹ rántí omi eérú tí mo gbà lọ́wọ́ yín?

ÌYÁ GBÉMI: Omi eérú ìdì ẹyìn? Èyí tí mo fi ń se ọṣẹ? Ẹ ní aṣọ lẹ fẹ́ fi fọ̀!

ALÁGA: Mo rò ó pé bó bá lè bọ́ epo lára aṣọ àwọn tó ń fún epo, á bọ́ ìdọ̀tí lára kabúrétọ̀. Mo rì í sínú ike, mo lọ sùn. Mo tiẹ̀ sọ fún ara mi kí n tó sùn pé, “Philemon, orí ẹ pé.” Nígbà tí mo jí, omi náà ń hó. Inú mi dùn. Mo ní, ó ń ṣiṣẹ́! Ó kúkú ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Oúnjẹ ló ń jẹ.

ÌYÁ GBÉMI: Alága! Ìkòkò amọ̀ ni mo ń gbé e sí láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ mí. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé e sí ìkòkò alumíníọ̀mù?

ALÁGA: Tíṣà ni mí, Ìyá Gbémi. Ohun tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ nìkan la máa ń bèèrè.

ÌYÁ GBÉMI: Ẹ ò wá rí òmíràn rà?

ALÁGA: Níbo? Mo dé Ìrẹ̀lẹ̀, mo dé Àjàgbà. Ní Akotogbo, wọ́n júwe ọkùnrin kan tó ní Fẹ́sípà fún mi. Mo débẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta ló ń sùn nínú rẹ̀. Joy ọmọ mi wá ya fọ́tò tèmi, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ta ló ní sípíà rẹ̀. Ẹnì kan dáhùn láti òkè òkun. Ó ní òun ò ní sípíà, àmọ́ òun máa ń kó ohun àtijọ́ jọ, ó sì bèèrè bóyá baba tó dúró tì í nínú fọ́tò náà wà fún títà.

ÌYÁ GBÉMI: Kí ni Joy sọ?

ALÁGA: Ó ní kí ó fún òun láyè kí òun ronú sí i.

Gbohùngbohùn ìjọ han láti òkè ọ̀nà. Wọ́n ti ń pe àwọn ẹgbẹ́ jáde wá jó, Ẹgbẹ́ Ìyá Olùfẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Alága gbá àyà mú.

ALÁGA: Ẹ gbọ́ ọ? Àwa là ń gbẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ ìjọ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: bí Fẹ́sípà kan, ó kéré tán, kò bá dún dé ẹnu ọ̀nà ìjọ lónìí, wọ́n á pa orúkọ ẹgbẹ́ wa rẹ́, wọ́n á sì dà wá pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ìsinmi.

ÌYÁ GBÉMI: Àwọn tí kì í dìde jó?

ALÁGA: Àwọn tí wọ́n ń gbé igbá ọrẹ lọ bá lórí ìjókòó, tí wọ́n kàn ń mi orí! Ìyá Gbémi, orí mi ò tíì tó mì.

ÌYÁ GBÉMI: Èèyàn mélòó ló tiẹ̀ kù nínú ẹgbẹ́ wa yìí?

ALÁGA: Èmi alága, àti ẹ̀yin opó alága àná. Èmi náà sì ni akọ̀wé. Bí mo bá ń ṣe ìpàdé, màá dìde, màá dá àbá. Màá jókòó, màá tún dìde, màá kín in lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, mo bá ara mi jiyàn, mo sì bínú kúrò níbẹ̀.

ÌYÁ GBÉMI: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?

ALÁGA: Fẹ́sípà Adéyẹmọ ọkọ yín tó wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Kabúrétọ̀ ara rẹ̀ kan péré ni mo wá tọrọ.

ÌYÁ GBÉMI: Kò burú. Àmọ́ mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dún níbí.

ALÁGA: Kí ni kó dún?

ÌYÁ GBÉMI: Láti ọjọ́ tí Bàbá Gbémi ti lọ, kò tíì dún. Tí ẹ bá yọ kabúrétọ̀ lọ báyìí tí kò ṣiṣẹ́, ẹ ó ní Bàbá Gbémi ló ti bà á jẹ́. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ọkọ mi láìdáa lọ́jọ́ ìkórè. Ẹ jẹ́ ó dún lára tirẹ̀ kí n gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ máa mú un lọ.

ALÁGA: Ìdánwò lẹ fẹ́ ṣe fún un. Iṣẹ́ mi nìyẹn! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ká apá agbádá sókè, ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ Fẹ́sípà olóògbé. Adìẹ kan fò jáde, ó pariwo mọ́ ọn, ó sì gbọn ìyẹ́ sí i lójú.

ÌYÁ GBÉMI: Ẹ rọra, ó ń sàba!

ALÁGA: Nínú ẹ́ńjìnnì?

ÌYÁ GBÉMI: Ó ti wò ó títí, ó rí i pé kò sẹ́ni tó máa gbé e jáde.

ALÁGA: Ó dáa. Irọ́ rẹ̀ la máa kọ́kọ́ já. (Ó gbé ẹyin sọ́tọ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ irin ìtẹ̀ tó ń jí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.) Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kò sí bẹntiróòlù nínú rẹ̀.

ÌYÁ GBÉMI: Tiyín ńkọ́?

ALÁGA: Tèmi kún! (Ó fa bẹntiróòlù jáde láti inú tirẹ̀, ó dà á sí tọ̀hún, ó tún tẹ̀ ẹ́.) Ó yẹ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wo plọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ti dípẹtà.

ÌYÁ GBÉMI: Tiyín ńkọ́?

ALÁGA: Plọ́ọ̀gì tèmi? Ẹ wá wò ó! (Ó tú u wàràwàrà, ó fi han oòrùn kí ó tó fi han obìnrin náà.) Ẹ wo bó ṣe mọ́. Èmi ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín mi fọ̀ ọ́.

ÌYÁ GBÉMI: Ẹ sì ń padà fi fọ eyín?

ALÁGA: Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ iṣẹ́.

Ó fi plọ́ọ̀gì náà sí i, ó tẹ̀, ó tẹ̀, ó tún tẹ̀. Nǹkan kan dún kọ́!

ÌYÁ GBÉMI: Ó dún! Mo gbọ́ ọ!

ALÁGA: Orúnkún mi nìyẹn.

ÌYÁ GBÉMI: Pẹ̀lẹ́. Kí ló tún kù tí kò ní?

ALÁGA: Iná ni kò dé orí plọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì rẹ̀ ti kú.

ÌYÁ GBÉMI: Ẹ jọ̀ọ́, tiyín...

ALÁGA: Kọ́ìlì tèmi lágbára débi pé ó gbé mi ṣubú lọ́jọ́ kan! Ẹ fún mi ní sípánà yẹn.

Ó tú kọ́ìlì ara tirẹ̀, ó dè é mọ́ ara tọ̀hún, ó sì ń kọ orin ìkórè lábẹ́nú. Ó tẹ irin ìtẹ̀ tìbínú tìbínú, irin náà kán, ó sì fò bọ́ sínú garawa ọṣẹ. Ìyá Gbémi ò tíì la ẹnu tí Alága fi kọjú sí Fẹ́sípà tirẹ̀, tó tún yọ irin ìtẹ̀ ti ibẹ̀ wá.

ÌYÁ GBÉMI: Mi ò tíì sọ̀rọ̀ o.

ALÁGA: Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Òun ni wọ́n ń pè ní làákàyè.

Ó dè é mọ́ ti olóògbé, ó gbé gbogbo ara lé e. Fẹ́sípà náà wúkọ́, ó tu èéfín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tátátátátá. Adìẹ fò kọjá ọgbà lọ sílé onílé. Alága na ọwọ́ méjèèjì sókè, àmọ́ nígbà tó wojú Ìyá Gbémi, ó rọra sọ wọ́n kalẹ̀. Omi ti lé sójú obìnrin náà.

ÌYÁ GBÉMI: Bó ṣe máa ń dún nìyẹn tó bá ń ti oko bọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ìkóríta, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bu pupuru tó máa jẹ sílẹ̀. Alága, mo ṣàárò rẹ̀.

ALÁGA: Èmi náà ṣàárò rẹ̀. Tó bá wà láyé, kì bá ti jẹ́ kí n fi eérú fọ kabúrétọ̀.

ÌYÁ GBÉMI: Ì bá fi yín rẹ́rìn-ín ni.

ALÁGA: Ì bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. (Ó nu ojú tirẹ̀ náà, ó sì fi gíríìsì kùn ún.) Ó ti yá. Mo gbọ́, ẹ gbọ́. Ẹ jẹ́ n yọ kabúrétọ̀ mi.

ÌYÁ GBÉMI: Ẹ yọ ọ́. Àdéhùn ni.

Alága na ọwọ́ kó pa ẹ́ńjìnnì náà. Ọwọ́ dúró lófuurufú. Ó wo Fẹ́sípà tó ń dún, ó wo tirẹ̀.

ÌYÁ GBÉMI: Kí ló dé?

ALÁGA: Tí mo bá pa á, mo gbọ́dọ̀ tú kabúrétọ̀.

ÌYÁ GBÉMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

ALÁGA: Kí n tú plọ́ọ̀gì mi, kí n tú kọ́ìlì mi, kí n tú irin ìtẹ̀ mi, kí n sì dá gbogbo wọn padà.

ÌYÁ GBÉMI: Pẹ̀lú bẹntiróòlù.

ALÁGA: Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ń pè yẹn?

ÌYÁ GBÉMI: Akọrin. Àwa ló kàn.

ALÁGA: Ìyá Gbémi, kabúrétọ̀ kan péré ni mo wá tọrọ. Báwo ni mo ṣe wá tú gbogbo ọkọ̀ mi palẹ̀ fún yín?

ÌYÁ GBÉMI: Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín o. Mo kàn ń bi yín pé tiyín ńkọ́.

ALÁGA: Èmi ni mo sì ń sáré dáhùn! Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ èyí ní ìjọ. Ó ti tán. Ti Bàbá Gbémi la máa gùn. Ẹ bá mi gbé e kúrò lórí ìdúró.

ÌYÁ GBÉMI: Alága, táyà iwájú rẹ̀ ti jò pátápátá.

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Gbémi gbójú sókè, ó ń wo òfuurufú. Alága mú sípánà, ó lọ tú táyà iwájú tirẹ̀, ó sì dè é mọ́ ti olóògbé. Nígbà tó ṣe tán, Fẹ́sípà rẹ̀ dorí kodò sílẹ̀, kò ku nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́ ju ìjókòó àti nọ́ńbà lọ. Ó wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kó gun ti olóògbé. Ẹsẹ̀ náà kọ̀.

ALÁGA: Orúnkún mi ò ká mọ́. Gbogbo agbára rẹ̀ ni mo ti lò tán sára irin ìtẹ̀.

ÌYÁ GBÉMI: Ẹ sún sẹ́yìn.

ALÁGA: Ẹ lè gùn ún?

ÌYÁ GBÉMI: Ta lẹ rò pé ó máa ń gbé Bàbá Gbémi bọ̀ láti Ìrẹ̀lẹ̀ tó bá ti mu ẹmu yó?

ALÁGA: Adéyẹmọ? Ó sọ fún wa pé òun kì í mu ẹmu!

ÌYÁ GBÉMI: Ó sì tún sọ fún yín pé òun ló ń gùn ún.

Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó ṣán ìró, ó gòkè. Alága fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bọ́ sójú títì nígbà tí gbohùngbohùn ń pariwo pé, “Ẹgbẹ́ Onífẹ́sípà! Ṣé wọ́n tiẹ̀ wà?” Àwọn èèyàn tú jáde sẹ́nu ọ̀nà ìjọ, wọ́n ń hó yèè. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ sí wọn.

ALÁGA: A wà o! A wà láàyè! Ẹ má dà wá pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni!

ÌYÁ GBÉMI: Alága, kòtò ń bẹ níwájú! Ẹ dì mí mú!

ALÁGA: Kí n dì yín mú kẹ̀? Helen nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti yọjú!

ÌYÁ GBÉMI: Mo ní ẹ dì mí mú jàre! Tí ẹ bá já bọ́ báyìí, níbo ni Helen ti fẹ́ rí sípíà yín rà?