Ṣòkòtò Tí Ò Jẹ́ Kí N Dọ̀bálẹ̀

Ọjọ́ tí ṣòkòtò kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ọ̀yọ́, bí mo bá gbàgbé ẹ̀, á jẹ́ pé mo ti gbàgbé orúkọ ara mi nìyẹn. Ó ti pẹ́ gan-an. Ayé òyìnbó ṣì ni, lọ́rì onípákó ló ń kó wa kiri, èmi náà ṣì jẹ́ géńdé tí ikùn rẹ̀ kì í ṣáájú ẹ̀ wọlé. Ẹ má wo bí mo ṣe rí lónìí. Nígbà náà, bí mo bá kọjá níwájú dígí, mo máa ń padà sẹ́yìn láti tún kí ara mi.

Òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ni mò ń tà fún àwọn télọ̀ lẹ́bàá Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Ẹnu ni mo fi ń wá oúnjẹ, ẹnu náà ni mo sì fi ń jẹ ẹ́. Òwú tó bá ti wà lọ́wọ́ mi, òun náà ló dáa jù láyé. Lọ́dún yẹn, mo ra òwú kan tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, mo wá ń sọ fún gbogbo télọ̀ pé bí wọ́n bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kí wọ́n fi so àgbò mọ́lẹ̀ kí wọ́n wò ó. Kò sẹ́ni tó fi so àgbò. Wọ́n kàn ń rà á ni. Ẹ má gbàgbé òwú yìí o, ó ń bọ̀ wá bá wa níwájú.

Mo tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa. Olórí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà, ti fi eré kún orin. A kì í kàn dúró ká máa la ẹnu mọ́. À ń jó, à ń sọ̀rọ̀, à ń múra bí ọba, bí olè, bí ìyàwó. Nínú eré tuntun tí Tíṣà ṣe, èmi ni ọkọ ìyàwó, aláfẹ́ kan tó ti ìdálẹ̀ dé tó fẹ́ fẹ́ ọmọ baálé. Tíṣà fúnra ẹ̀ ni baálé. Ìjọ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ọ̀yọ́ sì ránṣẹ́ pè wá pé ká wá ṣe é fún àwọn lọ́sàn-án Sátidé kan.

Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Kì í ṣe torí eré o. Àyọ̀ká ló fà á. Bàbá Àyọ̀ká ń fín igbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Àyọ̀ká ló sì máa ń kó igbá náà wá tà lọ́jà wa. Òun ti gbà pé òun yóò fẹ́ mi. Bàbá ni ò tíì gbà. Bàbá ní gbogbo nǹkan tí òun mọ̀ nípa mi ò ju orúkọ lọ, òun ò sì lè fi ọmọ òun fún orúkọ. Ni Àyọ̀ká bá ránṣẹ́ sí mi pé òun yóò mú bàbá wá wo eré yìí kí ó lè fojú ara ẹ̀ rí mi. Bó bá fẹ́ràn mi, kí n lọ pe àwọn ẹbí mi. Bí kò bá fẹ́ràn mi, oníṣòwò awọ kan wà lọ́jà Akẹ̀sán tó ti ń gbé iṣu wá fún bàbá látọdún tó kọjá.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ṣé ó yẹ kí n wọ aṣọ tí ẹlòmíì ti wọ̀ rí lọ síbẹ̀?

Mo gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Làmídì, télọ̀ mi. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àwòrán olórin kan ló wà níbẹ̀ tí ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí awọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹran. Mo ní irú ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Inú Làmídì náà dùn, torí kẹ̀ǹbẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti ń rán látọjọ́ tó ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ti sú u. Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n mọ́ mi lára ni mò ń sọ pé kó mú un wọlé. Ó mú un wọlé. Mo ní ó ṣì kù. Ó tún mú un wọlé.

"Ọ̀rẹ́, tí mo bá tún mú un wọlé ju báyìí lọ," Làmídì sọ, "ara ẹ ni mo máa rán an mọ́."

"Rán an mọ́ ọn," mo dá a lóhùn. "Ṣebí èmi ni mo ta òwú fún ẹ."

Nígbà tó parí, mo dúró síwájú dígí. Ẹ̀yin èèyàn, mo dára. Mo yí síwájú, mo yí sẹ́yìn, mo fọwọ́ sápò, ọwọ́ ò wọlé, mo gbé e síbàdí. Ohun tí èmi ọlọ́gbọ́n ò ṣe ni pé n ò jókòó, n ò lóṣòó, n ò tẹ̀. Ṣé ẹni tó wà nínú kàlẹ́ńdà jókòó ni? Ó dúró. Èmi náà dúró.

Láàárọ̀ Sátidé, Tíṣà ní kí kálukú ká aṣọ eré ẹ̀ sínú àpò, pé ọ̀hún la ti máa wọ̀ ọ́. Kí n ká ṣòkòtò yẹn kí ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sí i bàjẹ́? Mo wọ tèmi látilé. Ìdajì agolo páúdà ni mo dà sẹ́sẹ̀ kó tó gbà láti gòkè. Nígbà tí mo dé ìdí lọ́rì, ẹsẹ̀ mi ò gbé sókè. Méjì nínú àwọn akọrin ló gbé mi sókè gbọọrọ bíi pákó. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé n ò lè jókòó. Mo di igi lọ́rì mú, mo dúró láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kòtò tí a bá sì bọ́ sí, èmi ni mo kọ́kọ́ ń mọ̀. Ìyá kan tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ wò mí títí, ó bá bi mí bóyá eéwo ni. Mo ní rárá o. Ó ní kí n má tijú, eéwo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ló bá ní káwọn èèyàn sún fún mi kí wọ́n má gbá a. Ká tó dé Ọ̀yọ́, gbogbo lọ́rì ló ti kí mi kú ewu eéwo, ẹnì kan ti júwe ewé fún mi, dírẹ́bà sì ti rọra ń wakọ̀ nítorí mi. N ò bá wọn jiyàn mọ́, mo dúpẹ́.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n fi wá sí. Wọ́n ti fi tábìlì ṣe ìtàgé, wọ́n sì fi aṣọ ibùsùn ṣe ìkélé. Ẹ̀yìn ìkélé yẹn ni mo wà, mò ń dá ọ̀rọ̀ mi sọ, nígbà tí Àyọ̀ká yọ pẹ̀lú bàbá ẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, agbádá rẹ̀ wọ́lẹ̀, kẹ̀ǹbẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, àpá ọ̀bẹ ìfíngbá sì hàn ní gbogbo ìka ẹ̀. Àyọ̀ká ní, "Bàbá, òun nìyí."

Gbogbo ọmọ tí a bí sílé ire ló mọ ohun tó kàn. Kí àyà mi kan ilẹ̀ ni. Àna ẹni, ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọn kì í fi ìkíni ṣeré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo ti dé agbede méjì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kékeré kan láti ìdí ṣòkòtò. Mo dúró síbẹ̀. N ò lọ sílẹ̀ mọ́, n ò sì lè gòkè kíákíá, mo kàn tẹ̀ kọrọdọ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnu mi náà wá dà rú. Mo ní, "Ẹ kú ìrìnàjò, sà," bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni mo rìnrìn àjò.

Bàbá wò mí bó ṣe máa ń wo igbá tó ti là, kó tó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yíjú sí Àyọ̀ká, ó bi í bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ má bínú, bàbá," mo yára sọ. "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Ojú bàbá rọ̀ lọ́gán. Ó kí mi pẹ̀lẹ́. Ó bi mí pé látìgbà wo ló ti ń ṣe mí, mo ní àná ni. Ó ní kí n má fipá ṣe nǹkan kan lónìí, pé bí eré bá parí, òun fúnra òun yóò mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó máa ń fi òrí wọ́ ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà wù mí. Ìyẹn ló tún wá burú níbẹ̀. Àyọ̀ká ní tiẹ̀, tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀yìn mi, kàn ń wò mí ni.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ijó ni wọ́n fi ń mú ọkọ ìyàwó jáde. Ẹ̀yin, nígbà tí mo gbọ́ orin, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ pàtẹ́wọ́ nítorí ṣòkòtò mi, tí obìnrin kan súfèé, orí mi wú. Mo gbàgbé ẹ̀yìn. Ijó òòró nìkan ni ṣòkòtò gbà fún mi, mo wá kó gbogbo agbára mi sí ìbàdí. Mo mì ín bí ẹni tí kò léegun. Ìgbà tí mo máa wo ìlà iwájú, ojú bàbá wà lára ìbàdí mi gan-an. Ó tẹ̀ sétí Àyọ̀ká. Àyọ̀ká sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí bàbá sọ ni pé, "Ẹ̀yìn ọ̀hún mà tètè san o."

Mo sáré tún un ṣe. Mo dá ijó dúró, mo fọwọ́ di ẹ̀yìn mú, mo kérora. Ìkérora ò sí nínú eré. Tíṣà yọjú sí mi láti orí àga baálé, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, mo bá tún jó díẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀, mo tún kérora díẹ̀ nítorí bàbá. Títí dòní, n ò mọ irú ijó tí mo jó lọ́jọ́ yẹn.

A wá dé ibi tí ọkọ ìyàwó ti máa dọ̀bálẹ̀ fún baálé. Mo rọra tẹrí ba, mo fẹ́ fo ibẹ̀, mo bọ́ sọ́rọ̀ tó kàn. Tíṣà ò gbà. Ó jókòó bí baálé gidi, ó ní òun ń gbóhùn ẹnì kan o, àmọ́ òun ò tíì rẹ́ni tó ń kí òun. Mo tún tẹrí ba. Ó ní òun ṣì ń dúró. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn béèrè pé ọmọ ta lèyí tí kò lè kí àna ẹ̀. Mo gbójú sókè. Bàbá ti mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó dé e. Ó dìde. Àyọ̀ká di etí agbádá ẹ̀ mú, bàbá sì rọra ń já a gbà. Ní ojú mi báyìí, mo rí aláwọ Akẹ̀sán tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo fi Tíṣà sílẹ̀ lórí àga. Mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ sáré dé etí ìtàgé, mo dojú kọ bàbá, mo ju ara mi sílẹ̀ gbalaja.

Fààààà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ó gba abẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sí itan méjèèjì láìsinmi. Bọ́tìnnì iwájú ta dànù, ó lọ ba agogo àwọn akọrin, agogo sì dún bí ẹni pé Tíṣà ló ní kó dún. Ṣé ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi àpò ìyẹ̀fun rán ṣòkòtò abẹ́ nígbà náà? Tèmi ní àwòrán àkùkọ pupa kan, Làmídì sì ti fi àkùkọ náà sí ìdí mi gẹ́lẹ́. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kọ bí àkùkọ. Ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé.

N ò lè dìde. Mo wà nílẹ̀, àyà mi kan pákó, atẹ́gùn Ọ̀yọ́ ń fẹ́ sí mi níbi tí atẹ́gùn ò dé rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yìn ò dùn mí. Ṣòkòtò ni."

Bàbá wò mí. Ó wo ṣòkòtò. Ó wo àkùkọ.

"Mo ṣe bí ìwọ lara ẹ ò yá," ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àṣé ṣòkòtò ló ń ṣàìsàn."

Ẹ̀rín pa á débi pé ó tún jókòó. Nígbà tó nu ojú tán, ó wá sẹ́yìn ìkélé, ó bọ́ kẹ̀ǹbẹ̀ tiẹ̀ fún mi, ó fi agbádá bo ara ẹ̀, ó padà lọ jókòó ní ìlà iwájú bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó sọ nù lábẹ́ ẹ̀. Èèyàn méjì irú mi ni kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn gbà. Mo fa okùn ẹ̀ so mọ́ ìbàdí, mo jáde. Háà, ara tù mí. Mo jó, mo lóṣòó, mo fò, mo yí bírí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà, mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀, títí tí baálé fi bẹ̀ mí pé ó tó. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ò fẹ́ ká lọ.

Bí a ṣe parí, mo fẹ́ bọ́ kẹ̀ǹbẹ̀ fún bàbá. Ó ní kí n má bọ́ ọ. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ délé, kí n wá dá a padà fún òun ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, àmọ́ kí n má dá nìkan wá, kí n mú àwọn ẹbí mi dání. Àyọ̀ká ti yíjú sí ògiri kó tó sọ̀rọ̀ tán, èjìká ẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Mo gbé òkú ṣòkòtò mi lọ fún Làmídì pẹ̀lú ìbínú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ ò ya níbì kankan. Òwú ló já, láti òkè délẹ̀. Ó fa ìkan yọ, ó nà án sí mi.

"Àgbò dà?" ó bi mí.

N ò yin òwú mọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ohun tí mo kọ́ rèé, kí ẹ̀yin tó ń ṣeré lórí ìtàgé gbọ́ o. Dígí ò mọ ṣòkòtò. Ọkùnrin tó dúró sójú kan nìkan ni dígí mọ̀. Kí ìdí ṣòkòtò láyè, kí orúnkún ríbi ṣẹ́, kí ìbàdí ẹ̀ dúró láìgbàdúrà, kẹ́ ẹ sì ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ṣe níwájú èrò nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Àyọ̀ká tiẹ̀ sọ ọ́ dòfin. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ gba ṣòkòtò tuntun, ó máa ń tẹ̀ lé mi lọ, á jókòó sórí àga, á ní, "Ó yá, dọ̀bálẹ̀ kí n wò ó." Èmi olórí ilé, pẹ̀lú ewú lórí, mo ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó mi níwájú àwọn télọ̀. Bí mo bá gbójú sókè, tí kò sí nǹkan tó ya, á ní kí Ọlọ́run wò mí, ọmọ dáadáa. A ó wá jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tiẹ̀ ló máa ń pẹ́ ju tèmi lọ.