Líǹkì Tó Kọ̀ Láti Kúrò ní Ìkòsí

Ẹnu Àyànbọ́lá a máa parí iṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Kì í jalè, kì í mutí, kì í lu ìyàwó, torí kò tíì ní. Àmọ́ ẹ bi í pé ṣé ó lè tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, á ní, "Ìyẹn náà ni? Ẹ gbé e wá lọ́la."

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní ní Ìkòsí, níbi tó ti ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń wúkọ́ kó tó tẹ nǹkan, àti àga méjì. Ohun tó kọ sára pátákó ìta ni ÀYÀNBỌ́LÁ GLOBAL TECHNOLOGY: LAGOS, LONDON, DUBAI. Tí ẹ bá bi í pé London dà, á ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Daddy Oyèbámijí ló ni ilé náà. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ọmọ bíbí Ìkòsí. Àdéhùn ṣọ́ọ̀bù yìí máa parí lópin oṣù, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Loveth, tó fẹ́ ṣí kẹ́míìsì, sì ti wá wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó mú téèpù dání, ó sì wọn ògiri lójú Àyànbọ́lá. Ẹ̀rù ba ọmọkùnrin náà gan-an, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Daddy wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú Yẹ́misí, ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n ti kọ ìtàn ìdílé wọn, ó pé ogójì ojú ewé. Yẹ́misí sì ti gba ohùn ìyá Daddy sílẹ̀ kí màmá tó kú, níbi tí màmá ti ń ki oríkì ìdílé. Daddy fẹ́ kí ìwé náà di PDF, kí gbogbo ẹbí lè ṣí i lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni tó bá sì tẹ orúkọ Màmá níbẹ̀ gbọ́ ohùn wọn.

"Tí líǹkì yẹn bá ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹbí nípàdé Sátidé," Daddy ní, "o ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọdún márùn-ún. Tí ò bá ṣiṣẹ́, Loveth á wọlé."

"Daddy, ẹ fọkàn balẹ̀. Líǹkì ni mo fi ń rin orín láàárọ̀."

Yẹ́misí ní, "Uncle Bọ́lá, ibo lẹ máa gbé ohùn yẹn sí? Ṣé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni?"

"Íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ̀! Kí olè rí i? Inú kọ̀ǹpútà mi ló máa wà. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, ìdí ààrò ẹni ló ń gbé."

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, Uncle."

"Ti ayé àtijọ́ nìyẹn."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, ó pè wọ́n wá wò ó. Orúkọ Màmá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ní àwọ̀ búlúù, ìlà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Daddy tẹ̀ ẹ́. Kò fọhùn. Wọ́n fi áńkáṣífù nu ojú fóònù, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ń wò wọ́n lásán.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, ẹ wá ya ìwé náà ní fọ́tò," Yẹ́misí ní. "Àwòrán líǹkì lèyí, Uncle, kì í ṣe líǹkì."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa rí i."

Lọ́jọ́ Fúráídeè, ó tún un ṣe. Ó sọ ìwé náà di PDF látinú kọ̀ǹpútà tààrà, ó sì tẹ orúkọ Màmá lórí kọ̀ǹpútà yẹn níṣojú Daddy. Ohùn Màmá jáde! Daddy ṣí fìlà lórí. "Màmá mi rèé," ni wọ́n ń wí, omijé ń bọ́ lójú wọn. Orí Àyànbọ́lá wú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló pe Loveth pé kó lọ wá ṣọ́ọ̀bù sí Ọjọ́ta, ó sì fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí Wọ́sáàpù.

Ọjọ́ Sátidé, ẹbí pé sílé Démiládé, àkọ́bí Daddy, ní Magodo. Kò pẹ́ tí fóònù Àyànbọ́lá fi dún ní Ìkòsí. Daddy ni.

"Àyànbọ́lá, kò ṣiṣẹ́ o. Èèyàn mọ́kànlélógún ló ń tẹ̀ ẹ́ níbí."

"Nẹ́tíwọ̀kì Magodo ni, sà. Fẹ́ǹsì wọn ti ga jù."

"Àwọn ará Canada náà ń tẹ̀ ẹ́."

"Òtútù ni, sà."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ajégúnlẹ̀ wa níbí ńkọ́?"

"Omi ti wọ tiwọn, sà."

Yẹ́misí gba fóònù. "Uncle, líǹkì yẹn ń júwe inú kọ̀ǹpútà yín ni. Kọ̀ǹpútà yín nìkan ló lè débẹ̀. Mo bi yín léèrè!"

Ẹ ò rí i? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣiṣẹ́. Ó ku ẹni tó ṣe é tó máa tẹ́. Ẹlòmíì á bẹ ọmọ yẹn pé kó ran òun lọ́wọ́. Àyànbọ́lá ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà mi lẹ fẹ́? Mò ń gbé e bọ̀!"

Ó yọ wáyà. Ó fi òṣùká gbé àpótí kọ̀ǹpútà rù. Ojú kọ̀ǹpútà náà, ti àtijọ́ onídìí ńlá nì, ó fi ìró aládùúgbò pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Máòsì rọ̀ sí i lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì Magodo, torí kẹ̀kẹ́ kì í wọlé. Junaid, ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀, yí i ká lẹ́ẹ̀kan.

"Ọ̀gá, kí lẹ pọ̀n?"

"Líǹkì ni."

Junaid yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé ó ti sùn ni?"

Ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn títí ó fi dé ilé Démiládé. Démiládé so kọ̀ǹpútà náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ẹbí àtàwọn tó wà lórí fídíò láti Canada lè rí i. Àyànbọ́lá gbọ́n òógùn nù. "Ẹ̀yin ẹbí, iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ aláìmọ̀." Ó tẹ orúkọ Màmá.

Kí kọ̀ǹpútà tó ṣí nǹkan, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ṣé kóun ṣí i, á sì kọ ibi tí nǹkan náà wà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ Àyànbọ́lá a máa ré ìyẹn kọjá kójú ẹnikẹ́ni tó ká a. Lọ́jọ́ yìí, máòsì há. Ó hàn gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n pé: ONIBARA / BABA AHUN IKOSI / OHUN IYA BABA AHUN.

Orúkọ tí Àyànbọ́lá fún fáìlì Daddy nìyẹn.

Ọmọ-ọmọ kan fọhùn láti Canada. "Grandpa, ta ni Baba Ahun?"

Ìgbà yẹn ni máòsì tó ṣiṣẹ́. Ohùn Màmá là, wọ́n ń ki ọmọ wọn ní ọmọ ọlọ́wọ́-ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì.

"Daddy, ahun méjì ló wà!" Àyànbọ́lá fi ẹ̀yìn bo tẹlifíṣọ̀n. "Kì í ṣe ahun tí kì í fúnni ní nǹkan o! Ahun ìjàpá ni. Ìjàpá ọlọ́gbọ́n! Torí ọgbọ́n yín ni, sà."

Daddy wò ó láti òkè délẹ̀. Ìró aládùúgbò ṣì wà láyà rẹ̀.

"Ìjàpá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tó ń pọn ilé ẹ̀ kiri?"

"Òun gan-an, sà."

"Ìwọ tó o wá pọn ṣọ́ọ̀bù láti Ìkòsí dé ibí, ta ni ahun nínú èmi àti ẹ?"

Àyànbọ́lá la ẹnu. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan kan ò jáde níbẹ̀.

"Pọ̀n ọ́n padà," Daddy ní. "Ibi tó bá wù ọ́ ni kó o sọ̀ ọ́ sí. Lọ́la loṣù parí, Loveth ń kó wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè."