Télọ̀ Tó Gádà Aṣọ Olóògbé

Inú àpótí ni ẹjọ́ àná bá dé ààfin. Nọ́ọ̀sì kan ló rù ú wọlé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, mẹkáníìkì, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Télọ̀ kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn méjèèjì, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi akọ̀wé ààfin ṣí ìwé, mo mú báírò dání.

"Kí ló wà nínú àpótí?" Kábíyèsí béèrè.

"Aṣọ bàbá mi ni, Kábíyèsí," nọ́ọ̀sì fèsì. "Aṣọ bàbá mi ni tẹ́lẹ̀, kí télọ̀ yìí tó fọwọ́ kàn án."

Ó fa ṣòkòtò kaki kan yọ. Wọ́n ti fi òwú fún un pọ̀ ní ìbàdí, wọ́n tún fún un pọ̀ ní orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wá fẹ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì ọmọdébìnrin. Léèsì funfun yí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká.

Balógun, tó ti ń tòògbé, la ojú. "Irú iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe?"

"Apínlẹ́tà ni wọ́n, sà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi pín lẹ́tà nílùú yìí. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n kú. Ìlú òkèèrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ yìí ló háyà yàrá iwájú ilé wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ní kó sọ fún télọ̀ pé kó gádà aṣọ Bàbá, gbogbo ẹ̀ pátá, pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo dé, mo ṣí àpótí, mo bú sẹ́kún. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ó ti gádà wọn. Ṣòkòtò márùn-ún, ó ti gádà wọn. Ìbọ̀sẹ̀, Kábíyèsí!"

"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Ó gádà ìbọ̀sẹ̀."

Kábíyèsí yíjú sí télọ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni mo ṣe. Tá a bá fi òwú fa aṣọ kó lè hunjọ ní ìbàdí, òun là ń pè ní gádà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó sọ gádà fún mi rí tó ní nǹkan mìíràn lọ́kàn."

"Ìbọ̀sẹ̀ náà?"

"Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ pátá. Ta ni mo jẹ́ tí mo máa yọ ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀?"

"Aṣọ òjò wọn ńkọ́?" nọ́ọ̀sì kígbe.

"Aṣọ òjò yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ lé lórí! Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló kán sí i lára. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí. Léèsì yẹn, èmi ni mo fi ta yín lọ́rẹ."

"Kò ṣe ọ́ ní kàyéfì pé ṣòkòtò àgbàlagbà ọkùnrin ni?" Kábíyèsí béèrè.

"Ó ṣe mí ní kàyéfì díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n, Kábíyèsí. A kì í da ìbéèrè bo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀."

Balógun mi orí. "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn."

"Balógun, jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́."

Wọ́n pe mẹkáníìkì síwájú. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ọ̀rá mọ́tò ò kúrò níbẹ̀.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ rán ọ?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún télọ̀ kó kó aṣọ jọ sójú kan."

"Ṣé bó o ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Irọ́!" Télọ̀ fò sókè. "Ojú fèrèsé lo dúró sí, mò ń tẹ ẹ̀rọ lọ́wọ́. O ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ́ ẹ gádà aṣọ Bàbá.' Mo ní, 'Gbogbo ẹ̀?' O ní, 'Pátá.' Kí n tó gbójú sókè, o ti lọ."

Mẹkáníìkì wolẹ̀. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Ìwọ fúnra rẹ," Kábíyèsí wí, "kí ni gádà yé ọ sí?"

"Pé kí èèyàn péjọ, Kábíyèsí. Ìpàdé."

"Ṣebí ìsinsìnyí lo ní wọ́n ní kó kó aṣọ jọ ni."

"Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, ìpàdé ló yé mi."

"Ìpàdé aṣọ?"

"Mo rò pé a fẹ́ ṣèpàdé lórí aṣọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe mọ̀lẹ́bí mọ́kànlá."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí i. "Ìwọ lo pè wọ́n? Mo wọlé lọ́jọ́ Sátidé, mo bá èèyàn mọ́kànlá ní pálọ̀. Wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Àǹtí àgbà ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé tán!"

"Nígbà tí kò dá ọ lójú," Kábíyèsí béèrè, "kí ló dé tí o ò bi ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Mẹkáníìkì tún nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Ojú tì mí, Kábíyèsí. Ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń sọ pé mi ò kàwé tó."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri.

Kábíyèsí ránṣẹ́ pe tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nítòsí. Ó dé, ó ní awò kan lójú, ó ní òmíràn nínú àpò.

"Tíṣà, kí ni ìtumọ̀ gádà lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

"Tẹ́ ẹ bá ń kó nǹkan jọ, Kábíyèsí, gádà ni. Tí èèyàn bá péjọ, gádà ni. Tí télọ̀ bá fún aṣọ pọ̀, gádà náà ni. Tí eré mọ́tò bá ń le sí i, mọ́tò ń gádà eré ni. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ fìnrìnfìnrìn pé aládùúgbò yín fẹ́ kó lọ, ẹ lè sọ pé ẹ gádà pé ó fẹ́ kó lọ."

Mo ka ìtumọ̀ tó wà lórí ìwé mi: márùn-ún.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?" Balógun béèrè.

"Ẹyọ kan, sà."

"Ṣé ọ̀rọ̀ wọ́n níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè yẹn ni?"

"Tíṣà," Kábíyèsí wí, "ta ló wá jàre nínú àwọn mẹ́ta yìí?"

"Gbogbo wọn, Kábíyèsí."

"Máa lọ sílé."

Kábíyèsí wá rọra bi nọ́ọ̀sì léèrè pé, nínú gbogbo aṣọ yìí, èwo ló dùn ún jù.

"Kóòtù," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń pín lẹ́tà. Okùn àpò ti jẹ èjìká ọ̀tún rẹ̀, ibẹ̀ ti rọ̀, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ bí èjìká wọn gan-an. Òun nìkan ni mo fẹ́ mú. Kò sí nínú àpótí. Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè ohun tí ọkùnrin yìí fi í ṣe."

Télọ̀ bọ́ téèpù lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka.

"Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ mi kọ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gba iwájú fèrèsé mi kọjá nínú kóòtù yẹn. Wọ́n á ní, 'Télọ̀, lẹ́tà ò sí fún ọ lónìí o.' Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí mi rí. Wọ́n kàn fẹ́ kí mi ni. Mo mọ̀ pé tí abẹ́rẹ́ bá kan kóòtù yẹn, mo ti bà á jẹ́. Ni mo bá gbé e kọ́."

Nọ́ọ̀sì fi etí ìró nu ojú. Balógun náà ń wá nǹkan kan lójú ara rẹ̀.

"O mọ̀ pé wàá bà á jẹ́?" Kábíyèsí béèrè.

"Mo mọ̀ dáadáa, Kábíyèsí."

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"Télọ̀, o ti fẹnu ara rẹ dá ara rẹ lẹ́bi. Ẹni tó mọ̀ pé gádà á ba kóòtù olóògbé jẹ́, ó mọ̀ pé á ba ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́."

Télọ̀ tún dọ̀bálẹ̀.

"Kóòtù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo òwú tó o fi sára aṣọ yòókù, ọwọ́ ni wàá fi tú u, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì, ìwọ náà á jókòó tì í, ẹ ó jọ máa tú u."

"Èmi, Kábíyèsí? Kí ni mo ṣe?"

"O fi ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ márùn-ún rán ẹni tó ń bẹ̀rù àtibi ọ́ léèrè. Ṣé ẹ kì í yọ òwú lójú ọgbẹ́ níbi iṣẹ́ yín ni? Ọwọ́ rẹ á yá."

Nọ́ọ̀sì wo àbúrò rẹ̀, ó sì wolẹ̀. "Ó dáa, Kábíyèsí."

"Ìwọ mẹkáníìkì. Mọ̀lẹ́bí mọ́kànlá lo dà láàmú. Ilé wọn ni wàá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ bẹ̀ wọ́n. Ṣòkòtò bàbá rẹ yìí ni wàá wọ̀ lọ kí wọ́n tó tú u, tòun ti léèsì. Ọ̀sán gangan ni, ojú títì ni wàá sì gbà."

Mẹkáníìkì wo ṣòkòtò náà títí. Ó fọwọ́ kan léèsì rẹ̀.

"Kábíyèsí, ṣé kí n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé mò ń bọ̀?"

Kábíyèsí ti dìde, ó ti ń wọlé lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Má ránṣẹ́."