Gìtá Láoyè àti Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Òkè-Ìrókò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó gbé e dé ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n fi ń pòwe pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde? Mo mọ ohun tí wọ́n kọ́ yín. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ yẹn ni ọ̀ṣọ́, pé ìwà tó dáa, ilé ni ọmọ ti ń mú un jáde. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Àmọ́ àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò gbé Òkè-Ìrókò rí. Ẹ̀ṣọ́ tí òwe yẹn ń wí, ẹ̀ṣọ́ gidi ni, àwọn tó ń gbé kóńdó kiri àdúgbò, tí wọ́n ń fọn fèrè. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láoyè ni ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Iṣẹ́ yẹn ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n gìtá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ jókòó sáàárín àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kó máa ta gìtá fún ìjọ. Alàgbà Fátóyìnbó, olórí akọrin, ti dán an wò nígbà kan, ó sì ní, "Láoyè, ọwọ́ ẹ le bí igi. Lọ máa fi kọ́ra nílé." Ní báyìí, onígìtá ìjọ ti ṣí lọ sí Àkúrẹ́, àga rẹ̀ ṣófo, Alàgbà sì ní kí Láoyè wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn kí òun tún gbọ́ ọ. Bó bá tún kùnà, ọmọ Akọ̀wé ìjọ ló máa gba àga náà. Ọmọ yẹn ò tíì pé ogún ọdún, ara rẹ̀ sì le, kò ní í kúrò lórí àga yẹn títí Láoyè á fi kú.

Ká ní Láoyè lè fi kọ́ra nílé ni, ì bá rọrùn. Ìyá Rántí tó ni ilé tó ń gbé kò fẹ́ gbọ́ ohùn gìtá rárá. Ó ní ilé òun kì í ṣe ilé ọtí. Tí Láoyè bá ti fi ìka kan okùn gìtá báyìí, ohùn màmá náà á ti gba ojú fèrèsé wọlé: "Láoyè o! Kí ni mo wí?" Ohùn sì ni ohùn yẹn. Tó bá pe ẹnì kan l'Òkè-Ìrókò, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní àdúgbò kejì á dáhùn.

Ni Láoyè bá gbé ẹjọ́ náà tọ Sùnmọ́nù lọ, ẹni tó ń ta ohun èlò orin. Sùnmọ́nù gbé ampilifáyà kékeré kan jáde, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, kò tóbi ju búrẹ́dì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín rèé," ó wí. "Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ gìtá nínú yàrá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo bọ́tìnnì yìí. Tẹ́ ẹ bá ń yí i, á máa sín àwọn ampilifáyà ńláńlá jẹ. Ẹ yí i síbí, á máa dún bí èyí tí wọ́n ń lò nílé ìjó àtijọ́. Ẹ yí i sọ́hùn-ún, á máa bú bí ọkọ̀ akẹ́rù."

"Ohùn mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ohùn ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó nílù pàápàá. Ẹ ṣáà máa yí i."

"Ìyá Rántí ńkọ́?"

Sùnmọ́nù na hẹ́dìfóònù sí i. "Ẹ ki ẹnu wáyà yìí bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi èyí bo etí. Sípíkà á panu mọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ẹ gbé e lọ, ẹ lọ dán an wò ná. Ṣùgbọ́n tuntun ni o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi agbára ki nǹkan kan bọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Láoyè pa ìsọ̀ rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Rántí ń sá elùbọ́ lẹ́yìnkùlé, kò rí i nígbà tó ń wọlé. Láoyè so gìtá mọ́ ẹ̀rọ, ó wá ki ẹnu wáyà hẹ́dìfóònù bọ ihò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi oúnjẹ sẹ́nu ọmọ tuntun. Wáyà náà ò wọlé tán. Ó wọlé débi tí ohùn fi ń dún sí Láoyè létí, àmọ́ kò wọlé débi tí sípíkà á fi dákẹ́. Láoyè ò mọ̀. Ó bo etí, ó dijú, ó ta okùn kan.

"Áà," ó sọ fún ara rẹ̀, "ó dà bí ẹni pé ògiri ń mì."

Ògiri ń mì lóòótọ́. Ó yí bọ́tìnnì náà síwájú, ó tún yí i síwájú, títí ó fi dé ibi tí Sùnmọ́nù ní á ti máa bú bí ọkọ̀ akẹ́rù. Kò bú bí ọkọ̀. Ńṣe ló ń dún bí ayùn tí wọ́n fi ń gé irin.

Ìyá Rántí gbé orí sókè nídìí elùbọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé Láoyè wà ní ìsọ̀, yàrá rẹ̀ ṣófo, ẹnì kan sì ń gé irin níbẹ̀. Ó ju ajere sílẹ̀, ó sáré lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta làwọn onílé Òkè-Ìrókò gbà, ọ̀sán sì ni wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò, torí ìgbà tí àwọn èèyàn bá ti lọ sọ́jà tán ni àwọn olè ibẹ̀ máa ń jáde. Làmídì ni ọ̀gá wọn, òun ló ni fèrè. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn Láoyè, Làmídì fi etí lé e, ó ní, "Wọ́n ṣì ń gé e lọ́wọ́." Ó fọn fèrè rẹ̀: fííííì!

Láoyè gbọ́ ọ láàárín orin. Inú rẹ̀ dùn. Sùnmọ́nù ò sọ fún un pé fèrè wà nínú ẹ̀rọ yìí. Ó fi gìtá dá fèrè náà lóhùn.

Làmídì ṣẹ́jú sí àwọn méjì tó kù, wọ́n bá gbé kóńdó lé ilẹ̀kùn: gbì, gbì, gbì-gbì-gbì. "Ṣí ilẹ̀kùn!"

"Ìlù tó wí nìyẹn," Láoyè wí nínú lọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ó gbé orin tó fẹ́ ta lọ́jọ́ Àìkú lé e. Ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ní ó le bí igi, ó ti ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìgbà náà ni nǹkan mìíràn sọ sí Ìyá Rántí lọ́kàn. Bí Láoyè bá tètè dé láti ìsọ̀ ńkọ́? Bí àwọn olè bá ti dè é mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ó gbé ohùn sókè: "Láoyè ooo! Ṣé wọn ò tíì pa ọ́?"

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni Láoyè gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lákọrin obìnrin, akọrin náà sì mọ orúkọ òun. Ohùn náà jọ ti Ìyá Rántí díẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò yà á lẹ́nu, ṣebí ẹ̀rọ tó ń sín ohùn jẹ ni.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe di orin. Bí Láoyè bá ń ta gìtá, àwọn ará ìta á dákẹ́, kí wọ́n lè fetí sí ohun tí olè ń ṣe. Bó bá dáwọ́ dúró, Làmídì á fọn fèrè, àwọn méjì á lu ilẹ̀kùn, Ìyá Rántí á pe orúkọ. Láoyè á tún gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ti dúró, àwọn kan sì ti ń jùdí.

Ibi tó dùn dé gan-an ni ilẹ̀kùn ti já. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá a wọlé, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀. Láoyè lajú, ó rí ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú kóńdó nílẹ̀ yàrá rẹ̀. Ó ká ọwọ́ sókè. Hẹ́dìfóònù jábọ́ létí rẹ̀, ó ha okùn gìtá: gàràrààà!

"Ẹ má dìde!" Làmídì pariwo. "Ayùn náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́," Láoyè wí, "ẹ kó ohun tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí, àyálò ni."

Ìyá Rántí gun orí ilẹ̀kùn wọlé. Ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́, ó wo àpótí kékeré náà, ó wo gìtá.

"Láoyè," ó wí, "ìwọ ni ayùn."

"Màmá, ẹ má bínú."

"Kí oòrùn tó wọ̀, kí n má rí àpótí yẹn nílé mi mọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Láoyè dá a padà. Sùnmọ́nù bi í pé báwo ló ṣe rí. Láoyè ní ó dáa, àfi pé ìlù rẹ̀ ń já ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ìsìn parí, àwọn èèyàn ò tètè lọ, torí wọ́n ti gbọ́ pé Láoyè fẹ́ ta gìtá. Láoyè jókòó lórí àga náà. Ó ta ìlà àkọ́kọ́, ó dùn, Alàgbà Fátóyìnbó pàápàá gbé ojú sókè. Láoyè wá dáwọ́ dúró. Ó tún ìlà kan náà ta, ó tún dáwọ́ dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Kí lò ń dúró dè?" Alàgbà bi í.

"Fèrè ni, sà."

"Fèrè wo?"

"Tí fèrè bá dún, wọ́n á lu ilẹ̀kùn, sà. Tí wọ́n bá lù ú tán, wọ́n á pe orúkọ mi, màá wá máa bá a lọ."

"Ta ló máa pe orúkọ ẹ?"

"Ìyá onílé mi ni, sà."

Ẹ̀rín pa ìjọ. Ọmọ Akọ̀wé rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Láoyè wọ egungun. Kì í ṣe pé kò mọ orin yẹn, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé.

"Mo fẹ́ bá àwọn akọrin ṣèpàdé," Alàgbà wí. "Tá a bá jáde, tí o ò bá lè ta orin yẹn dópin, ọmọ Akọ̀wé ló ni àga."

Láoyè fi eré gé e dé ilé. Làmídì àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, Ìyá Rántí jókòó sẹ́nu yàrá tí kò nílẹ̀kùn, ó ń kùn. Láoyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbà mí o! Orin àná, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó dùn. Mi ò lè dá a ta."

"Orin wo?" Làmídì wí. "Olè la wá mú. Ẹ̀ṣọ́ kì í sì í fi àdúgbò sílẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí ni mí."

"Bàbá Làmídì, fèrè ni mo bẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ wá ṣèrìbọmi."

Làmídì fẹ́ fèsì, àmọ́ Tàfá, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, ti ń fi kóńdó kan ìdí igi: gbì, gbì, gbì-gbì-gbì. Làmídì mí kanlẹ̀. "Láti àárọ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, èmi náà ò wá mọ ìgbà tí mo gbé fèrè sẹ́nu."

Gbogbo wọn kọjú sí Ìyá Rántí.

"Ẹ má wò mí," ó wí. "Ilẹ̀kùn mi lẹ já." Ó yíjú sí Láoyè. "Láoyè, báwo ni orin yẹn ṣe parí gan-an? Ibi tó ti fẹ́ dùn ni àwọn oníranù yìí ṣubú wọlé."

"Màmá, èmi náà ò tíì gbọ́ ọ."

Ìyá Rántí dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ gbé ilẹ̀kùn."

"Màmá, ilẹ̀kùn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì," Tàfá wí.

"Ṣé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lo lù lánàá?"

Bí wọ́n ṣe gba àárín ìlú nìyẹn, màmá níwájú, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì pẹ̀lú ilẹ̀kùn lórí, Làmídì lẹ́yìn wọn, Láoyè ń sáré sókè sódò. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n ń kó kúrò nílé ni, wọ́n ń kí wọn pé, "Ẹ kú ẹrù o!" Wọ́n fi ilẹ̀kùn ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Láoyè jókòó, ó ta ìlà àkọ́kọ́, ó dáwọ́ dúró. Fííííì! Gbì, gbì, gbì-gbì-gbì. "Láoyè ooo!" Ó gbà á lẹ́nu wọn, ó sì ń bá a lọ. Kí wọ́n tó dé ibi tí ilẹ̀kùn ti já lánàá, kò sẹ́ni tó kù lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ Alàgbà Fátóyìnbó ti kúrò nínú bàtà. Láoyè ta á dópin. Ó gbé ojú wo Alàgbà.

"Ìwọ lo ni àga," Alàgbà wí. "Ṣùgbọ́n, Láoyè, ṣé ẹ̀ṣọ́ kọ́ làwọn wọ̀nyí? Níbo lo ti kó wọn?"

"Ilé ni mo ti kó wọn, sà."

Alàgbà yíjú sí ọmọ Akọ̀wé àti àwọn ọ̀dọ́ yòókù, ó ní kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú náà gbọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ kí àna, á kó ẹ̀ṣọ́ méjì dání. Ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ, á lọ bẹ Làmídì láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ìwà ni ẹ̀ṣọ́, ẹ bi í pé ìwà wo ló lu ilẹ̀kùn Ìyá Rántí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilẹ̀kùn bá sì ti já, ká gbé òun náà.