Páìpù Akínbọ̀dé àti Gààrí Wúràọlá

Ẹ̀yin ará, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń pa á lówe pé, “Eruku kì í sọnù, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ”? Ẹ má wojú ara yín. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Akínbọ̀dé ni ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ yí igi. Ẹ̀rọ náà á máa fi igi pòyì gbirigbiri, òun á sì gbé irin mímú lé e lára títí igi yóò fi di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tàbí ọmọ odó. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ eruku rẹ̀ pọ̀. Bó bá jáde nírọ̀lẹ́, ó dà bí ẹni tí wọ́n yí nínú èlùbọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń dẹnu ìfẹ́ kọ Wúràọlá, opó tó ń yan gààrí ní ìsọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìsọ̀ mẹ́rin tó tò tẹ̀léra, tí ti Akínbọ̀dé ṣáájú.

“Bọ̀dá Akínbọ̀dé,” ni obìnrin náà wí, “ojú ta ni mo fẹ́ fẹ́? Eruku nìkan ni mò ń rí. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Tí ẹ bá fojú mímọ́ wá, a ó sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa fẹ́ igi yín lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, Akínbọ̀dé so fáànù ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ki páìpù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì lu ògiri jáde. Ó tan án. Fáànù fa eruku fìn-ìn! Ojú ọ̀gá mọ́ kedere.

Ibo ni eruku wá lọ? Orí léèsì funfun tí Múfútáù télọ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ti Akínbọ̀dé, ń rán ni. Kí Múfútáù wá lọ bá Akínbọ̀dé sọ̀rọ̀, ó tì o. Ó ra páìpù tirẹ̀, ó so ó mọ́ ti Akínbọ̀dé, ó dojú rẹ̀ kọ ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀.

Ìsọ̀ Sífáwù onídìrí nìyẹn. Kó tó ṣẹ́jú, irun oníbàárà rẹ̀ ti funfun.

“Sífáwù, o ti sọ mí di ìyá àgbà!”

Sífáwù náà ra páìpù, ó nà án síwájú. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rántí àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń da èéfín sí àdúgbò tálákà, tí wọ́n á ní àwọn ti tún ìlú ṣe. Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan o.

Ìsọ̀ tó kù níwájú ni ti Wúràọlá. Páìpù yọ lẹ́yìn agbada rẹ̀, nínú èéfín, kò sì rí i. Àfàrà ni igi tí Akínbọ̀dé ń yí, eruku rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí gààrí tí wọ́n ta epo sí. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá gààrí padà. “Wúràọlá, a rẹ ẹ́ láti àárọ̀, kò wú!” “Tèmi ń léfòó ni!” Ó bá àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún un jà, ó pààrọ̀ asẹ́. Ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta dojú dé.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Akínbọ̀dé wọ ìsọ̀ Wúràọlá, ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Wúràọlá bu gààrí fún Akínbọ̀dé àti ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà. Ẹ̀gbọ́n mu ṣíbí kan, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, kò gbé e mì.

“Wúrà, gààrí yìí mà ń gún mi lọ́fun!”

Akínbọ̀dé náà mu ṣíbí kan. Ó pajú dé. Ọgbọ́n olólùfẹ́ ní kó dákẹ́, ẹ̀mí oníṣẹ́-ọwọ́ kò gbà.

“Àfàrà ni,” ó wí. “Èyí tí mo yí l’Ọ́jọ́rú. Kò tíì gbẹ dáadáa.”

Wúràọlá dìde, ó tọ páìpù láti ẹ̀yìn agbada dé ọ̀dọ̀ Sífáwù, dé ọ̀dọ̀ Múfútáù, dé ẹnu fáànù.

“Èyí tí wọ́n tì sí mi ni mo tì síwájú,” ni Sífáwù wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe,” ni Múfútáù wí.

“Kò sẹ́nì kan nínú yín tó béèrè ẹni tó wà ní òpin páìpù!” ni Wúràọlá kígbe. “Àbí ẹni tó kẹ́yìn kì í ṣe ènìyàn?”

Akínbọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ó yọ páìpù dànù, ó so àpò ńlá tí yóò máa gba eruku mọ́ ẹnu fáànù lójú gbogbo wọn. “Èmi fúnra mi ni n ó tọ àwọn oníbàárà rẹ lọ,” ó wí, “n ó ní igi mi ni wọ́n jẹ.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. “Wúrà, ẹni tó jẹ́wọ́ níwájú àna kò ní í purọ́ nínú ilé. Èmi gbà fún un.”

“Èmi náà gbà,” ni Wúràọlá wí, ó sì gbé abọ́ lé e lọ́wọ́. “Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mu gààrí yín tán.”

Ó mu ún tán, ó ń fi ẹ̀pà tì í lọ́fun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ti ìnira tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, àgbàlagbà kan á rẹ́rìn-ín, á ní: “Rọra o. Eruku kì í sọnù, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ.”