Ata Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Àwọn Ará Kòríà

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ tí èmi fúnra mi fa okùn ata já lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará Kòríà ní Òtù, ọjọ́ yẹn ò ní tán lọ́kàn mi. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti gbẹ̀bí fún obìnrin tí mi ò lè ka iye wọn mọ́, síbẹ̀ bí mo bá gbóòórùn ata gbígbẹ tó bọ́ sínú iná, ojú á kọ́kọ́ tì mí kí n tó wúkọ́.

Ọdún 1980 ò tíì pé nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, wọ́n sì gbé mi wá sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Òtù. Aṣọ funfun mi máa ń le gbagidi, fìlà mi kì í yẹ̀ lórí, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aboyún tí mi ò tíì kà nínú ìwé. Àsìkò yẹn ni ilé iṣẹ́ kan ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kiri agbègbè wa, láti Òtù dé Òfìkì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn wá láti Kòríà, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń jẹ́ Páàkì. Bó bá ń kí àgbà, á tẹríba títí iwájú orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ìyẹn nìkan ti tó kí àwọn ará Òtù fẹ́ràn rẹ̀.

"Òyìnbó tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé rèé o," ni wọ́n ń wí.

Ó mú ìyàwó rẹ̀ wá. Súnmi lorúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Rábíù, onílé wọn, ní orúkọ yẹn ò parí, ó sì fi ìyókù kún un: Súnmọ́mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é, òun náà sì ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò sì ju kó kí èèyàn káàárọ̀ lọ. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, oyún àkọ́kọ́, ìyá tó bí i sì wà ní òdìkejì ayé.

Màtírọ́ọ̀nù wa pè mí lọ́jọ́ kan. "Ìwọ tí Gẹ̀ẹ́sì dùn lẹ́nu ẹ yìí," ó ní, "ìwọ ni kó o máa lọ wo ìyàwó ará Kòríà yẹn nílé. Má gbójú kúrò lára ẹ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni mo dáhùn. "Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Kí n má parọ́, mi ò mọ ibi tí Kòríà wà. Ẹni tó bá bi mí, mo máa ń sọ fún un pé ẹ̀yìn Ìńdíà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wọ ẹ̀yìnkùlé wọn lọ láti lọ wò ó nígbà tí mo gbọ́ igbe láti ilé ìdáná. "Ọ́mọ̀! Ọ́mọ̀!" Mo sáré wọlé. Súnmọ́mi fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbá àyà mú, ó ń nàka sílẹ̀. Bí mo bá wo ibi tó ń nàka sí ni, ǹ bá ti rí alágẹmọ tó já bọ́ láti òrùlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀. Mi ò wò ó. Etí mi ti gbọ́ ọmọ, ó tán.

"Ìyá Rábíù, ẹ gbà mí o! Ọmọ ń bọ̀!"

Kí n tó ṣẹ́jú, ilé ti kún. Ọkọ̀ kan tó ń já iṣu lẹ́bàá ọ̀nà la dá dúró. A tẹ́ ẹní lé orí iṣu tó kù, a gbé Súnmọ́mi lé e, mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin náà ò mọ ohun tó dé. Bí ọkọ̀ bá ti kó sí kòtò, á tún ké, "Ọ́mọ̀!" Bó bá sì ti ké, èmi á fọwọ́ gbá orí ọkọ̀, màá ní, "Dẹ́rẹ́bà, eré sí i! Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń wí ni?"

Màtírọ́ọ̀nù yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó wá yíjú sí mi. "Ọmọ yìí jókòó jẹ́ẹ́ sáàyè ẹ̀," ó ní. "Kí lo rí tó o fi gbé e wá?"

Ìgbà tí Páàkì sáré dé láti ibi iṣẹ́, tòun ti amọ̀ lẹ́sẹ̀, la tó mọ̀ pé igbe tí obìnrin wọn ń ké bí ẹ̀rù bá bà á nìyẹn, bí àwa ṣe ń ké "yéè!" Kò kan ọmọ rárá. Alágẹmọ ni mo torí rẹ̀ gbé aboyún gun iṣu la ìlú já. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bí alágẹmọ bá ti kọjá lójúde, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ yín ń lọ o."

Ẹ̀yin náà á rò pé mo ti gbọ́n. Rárá o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, Páàkì wá pè mí. Mo bá Súnmọ́mi lórí ẹní nínú yàrá, ó ki aṣọ bọ ẹnu, ó dákẹ́ lọ gbári. Òógùn bò ó lójú. Mo wò ó, mo sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tó pariwo tó bẹ́ẹ̀ nítorí alágẹmọ, ṣé yóò wá rọbí kó má ké? Mo sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó kù díẹ̀, bóyá di ọ̀la. Mo jókòó, mo gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń fẹ́ ẹ.

Obìnrin náà na ọwọ́, ó fà mí lápá wẹ́rẹ́. Mo ní kó fara balẹ̀. Ó tún fà mí, ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀. Ikùn yẹn le bí òkúta. Mo gbé tíì sílẹ̀, mo ṣí aṣọ wò, mo bá rí irun. Irun dúdú, tútù, lórí ọmọ tó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Kò sí pé à ń lọ ilé ìgbẹ̀bí mọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní, gbogbo ìwé tí mo kà fò lọ lórí mi. Òun ló fọkàn mi balẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń tẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàpèjúwe, kò sì ké títí dé òpin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọ aṣọ lẹ́nu, tó ní, "Ọ́mà." Ìgbà tó yá ni Páàkì sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ ló ń pè.

Ọmọ náà já sí mi lọ́wọ́, ọmọkùnrin, ó gbóná, ó ń yọ̀, irun kún orí rẹ̀ bámú. Ó ké. Ará Òtù tó ń gún iyán níta dá ọwọ́ dúró. Mo ti rí ọmọ tuntun púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n títí di òní mi ò tíì rí irú ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú yàrá yẹn kí igbe ọmọ tó là á. Ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé.

Lẹ́yìn náà ni Páàkì ṣí àpótí, ó yọ ewé gbígbẹ kan jáde, dúdú kirikiri bí aṣọ tí iná rà. Inú òkun ni wọ́n ti ń ká a, ìyá Súnmọ́mi ló sì dì í fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ń kúrò nílé, kó lè fi sè ọbẹ̀ ìbímọ. Ọkùnrin náà dáná fúnra rẹ̀, ó sè é, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún ìyàwó rẹ̀ mu. Ìyá Rábíù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbàgbé láti pa ẹnu dé.

Màtírọ́ọ̀nù fún mi ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òfìkì, mo ròyìn bí mo ṣe gbẹ̀bí ará Kòríà láìbẹ̀rù. Mi ò dárúkọ tíì.

Ọjọ́ tí mo padà, mo bá èrò níwájú ilé Ìyá Rábíù. Okùn kan ni wọ́n so kọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn Páàkì, okùn tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ lọ́. Èédú rọ̀ sórí rẹ̀, ata ṣọ̀ńbọ̀ pupa ńláńlá sì wà láàárín èédú.

"Ààlè ni," Ìyá Rábíù ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ààlè ni àmì tí àwọn àgbẹ̀ wa ń so sóko kí olè má bàa wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án lásán. "A jí bá a ni. Mo kan ilẹ̀kùn, ọkọ yọjú lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ, kí n máa lọ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ta ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí ṣẹ̀? Mo ti ránṣẹ́ pe Baba Ògúnwálé."

Ọdẹ àgbà ni Baba Ògúnwálé, ó sì mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ǹ bá dúró dè é. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, aṣọ funfun sì wà lọ́rùn mi.

"Ẹ̀yin èèyàn," mo ní, "nínú ayé ọ̀làjú yìí? Ẹ sún kúrò níbẹ̀." Mo fi igi fa okùn náà já, mo kó o jọ sábẹ́ fèrèsé, mo bu kẹrosíìnì lé e, mo ṣáná sí i.

Ẹni tó bá ti yan ṣọ̀ńbọ̀ rí mọ ohun tó kàn. Èéfín náà gbéra, ó yí lójú afẹ́fẹ́, ó gba ojú fèrèsé wọlé. Gbogbo èrò tú ká, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń sín, omi ń dà lójú wọn. Nínú yàrá, mo gbọ́ tí ọmọ tuntun hú ikọ́ kékeré kan. Ó ké. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo sáré sí ẹnu ilẹ̀kùn. Páàkì já ilẹ̀kùn jáde tòun ti ọmọ láyà, ìyá rẹ̀ ń ta ràrà lẹ́yìn. Mo gba ọmọ náà, mo sá lọ sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Mo fi òwú tútù nu imú rẹ̀, mo nu ẹnu rẹ̀, mo ń pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Dákun, ọkọ mi. Dákun." Ó sín. Ó tún sín. Ó wá la ẹnu, ó bú sí igbe tí gbogbo àdúgbò gbọ́. Mo jókòó sínú erùpẹ̀ tèmi taṣọ funfun.

Páàkì wo eérú tó kù lábẹ́ fèrèsé. Kò bú mi. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi nìkan ló sì lè túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró tí mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara mi fún ìlú gbọ́.

"Ó ní... ó ní òun lòun so ó. Ó ní ìyá àgbà òun so irú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun. Èédú ń lé ohun búburú. Ata ń sọ fún aráyé pé ọkùnrin ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àlejò kì í wọlé, kí wọ́n má bàa kó àìsàn wọlé tọ ọmọ. Ó ní... òun ló fa bẹẹrẹ náà, òun ló fi ọwọ́ òsì lọ́ ọ, torí okùn lásán ni wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún lọ́."

"Ọwọ́ kí ni?" Baba Ògúnwálé ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti dé, ó dúró lẹ́yìn èrò.

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n wí, bàbá."

Bàbá náà sún síwájú. Ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà bí ẹni tó pàdé ẹbí lójú ọ̀nà àjò. "Okùn tí èmi náà bá fẹ́ kó ṣọ́ nǹkan fún mi," ó ní, "ọwọ́ òsì ni mo fi ń lọ́ ọ. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ta ló lọ sọ ọ́ fún wọn lọ́hùn-ún?"

Bàbá náà ní kí wọ́n wá bẹẹrẹ tútù wá, ó jókòó ti Páàkì lábẹ́ máńgòrò, àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì jọ ń lọ́ okùn kan náà, ọwọ́ òsì sí ọwọ́ òsì. Ìyá Rábíù wọ yàrá tirẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó ṣa ṣọ̀ńbọ̀ tó pọ́n jù nínú ata tó ń tà wá. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ ṣa èédú. Ọwọ́ mi dúdú, aṣọ mi dúdú, mo dúpẹ́ pé mo rí nǹkan ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ojú fèrèsé lèmi agbẹ̀bí ti ń bèèrè àlàáfíà ọmọ. Ọjọ́ tí Súnmọ́mi jáde, mo ti gbé ọ̀já dání láti lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọnmọ, torí mo gbà pé àwọn òyìnbó ò mọ̀ ọ́n. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo tún ohùn ṣe. Ó wo ọ̀já ọwọ́ mi. Ó yọ aṣọ tirẹ̀ jáde, aṣọ fífẹ̀ tó ní okùn gígùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sọ sẹ́yìn, ó yí okùn náà mọ́ àyà, ó so ó pinpin, ọmọ náà sì sùn lọ. Kò gbà á tó àkókò tí mo fi tún ohùn ṣe. Ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá tí Ìyá Rábíù kọ́ ọ lójú fèrèsé ní:

"Nọ́ọ̀sì, kí n kọ́ ẹ?"

Òtù rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yí ẹ̀yìn padà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kó gbé ọmọ náà pọ̀n mí kí n lè kọ́ ọ dáadáa. Láti ìgbà náà, ilé yòówù kí n wọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó dùn mí pé ọmọ ọlọ́mọ ní láti fa èéfín ata símú kí n tó kọ́ ọ. Bí mo bá rántí, màá kọ́kọ́ mi orí, ẹ̀rín á sì wá gbé mi.